Kí Ni A Ó Sọ Fún Ọ̀gá Iṣẹ́?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kò rọrùn fún wa láti sọ, nítorí pé inú ilé tiwa gan-an ni ó ti ṣẹlẹ̀, àti nítorí pé àwa tí a jẹ́ olùṣọ́-àgùntàn ni a kọ́kọ́ ṣe ohun tí kò yẹ nínú rẹ̀. Ìyá àwọn ọmọ wa ti ka ìwé yìí kí a tó fi ránṣẹ́. Ibi méjì ni ó ní kí a yọ kúrò, a sì ti yọ ọ́. Ìyókù, ó ní kí a jẹ́ kí àwọn ènìyàn kà á.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí a ti ń gbé ní Ìlú Ọba, ní apá gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí a ti ń bójú tó ìjọ kékeré kan. Ìyá Dẹ̀mí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé lè má mọ bí iṣẹ́ náà ti rí. Wọ́n ń gbé arúgbó dìde lórí ibùsùn, wọ́n ń wẹ̀ wọ́n, wọ́n ń yí wọn padà kí egbò má baà dá sí wọn lẹ́yìn, wọ́n ń tì wọ́n kiri lórí kẹ̀kẹ́. Ẹ̀rọ wà tí wọ́n fi ń gbé ẹni tí kò lè dìde rárá, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn náà ni yóò ti ẹ̀rọ ọ̀hún. Iṣẹ́ agbára ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn arábìnrin wa ní ìlú yìí, iṣẹ́ yìí ni wọ́n fi ń tọ́ ọmọ, tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ owó sílé, tí wọ́n fi ń san ìdámẹ́wàá.

Ìyá Dẹ̀mí kò sanra nígbà tí a fẹ́ ara wa. Lẹ́yìn ọmọ kẹta ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, inú wa sì ń dùn sí i, kí a má parọ́. Ẹ mọ bí àwa Yorùbá ti rí. Bí ìyàwó bá sanra, ọkọ ni wọ́n ń yìn. Àwọn ará ìjọ a máa wí pé, “Pásítọ̀, ẹ kú ìtọ́jú Mọ́mì o,” àwa náà a sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni pé a ti ṣe nǹkan ribiribi. Ó di ọjọ́ tí dókítà sọ pé àtọ̀gbẹ ti wọ̀ ọ́ lára. Lẹ́yìn náà, ẹ̀jẹ̀ ríru. Lẹ́yìn náà, orúnkún méjèèjì, tó fi jẹ́ pé bí ó bá gun àtẹ̀gùn ilé wa dé òkè, yóò kọ́kọ́ jókòó mí díẹ̀ kí ó tó lè wọ yàrá.

Kì í ṣe pé a kò gbìyànjú. A pa èbà alẹ́ tì. A ń rìn yí pápá ká láàárọ̀, ìbáà ṣe òtútù, ìbáà ṣe òjò. Ó bá wa gba ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún ní oṣù kìn-ín-ní, kílò mẹ́fà lọ, ṣùgbọ́n kí ọdún Àjíǹde tó dé, kílò méje ti padà. (A kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti máa fi ààwẹ̀ fa ọ̀rá ara o. Ohun mìíràn ni a ń bá Ọlọ́run wá nínú ààwẹ̀.)

Nígbà tó yá, dókítà wa ní kí a lọ rí àwọn tí ń tọ́jú ọ̀ràn ìsanra ní ilé ìwòsàn. Wọ́n wọ̀n ọ́n: kílò 118, gíga rẹ̀ mítà 1.63. Wọ́n ní ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní BMI. Wọ́n á fi gíga ẹni pín ìwúwo rẹ̀, wọ́n á tún fi gíga náà pín in lẹ́ẹ̀kan sí i. Tirẹ̀ lé ní 44. Ní ìlú yìí, ẹni tí tirẹ̀ bá tó 40, tàbí tí ó tó 35 pẹ̀lú àìsàn bí àtọ̀gbẹ, wọ́n lè gbé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ yẹ̀ wò fún un. Fún àwa tí ìran wa ti ilẹ̀ Áfíríkà wá, wọ́n máa ń fi 2.5 dín in, nítorí pé àtọ̀gbẹ a máa tètè bá wa. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n yàn fún un ni èyí tí wọ́n ti ń gé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpòlúkù kúrò, tí èyí tó ṣẹ́kù yóò wá gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Àwọn kan yóò béèrè pé, ìgbàgbọ́ wa ńkọ́? A gbàgbọ́ nínú ìwòsàn láti ọ̀run wá, a sì ti fi òróró yàn án ní orí nígbà tó pọ̀. Lúùkù tó bá Pọ́ọ̀lù rìn, oníṣègùn ni, Pọ́ọ̀lù sì pè é ní olùfẹ́. Níbi tí a ó dá ọ̀rọ̀ yẹn dúró sí nìyẹn, nítorí òun kọ́ ni a fẹ́ sọ.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ìwé dé pé oṣù keje ni wọ́n ó ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Inú wa dùn, a dúpẹ́, lẹ́yìn náà ni a wá jókòó sí ilé ìdáná tí a ń wo ara wa. Kí ni a ó sọ fún ọ̀gá iṣẹ́?

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tó ń bà wá lẹ́rù. Ilé ìtọ́jú tí Ìyá Dẹ̀mí ti ń ṣiṣẹ́, arábìnrin mẹ́ta láti inú ìjọ wa ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ohun tí a bá sọ níbẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, ẹgbẹ́ akọrin yóò ti gbọ́ kí ó tó di Ọjọ́rú. Irú iṣẹ́ abẹ yìí sì ní orúkọ burúkú lẹ́nu àwọn ènìyàn. Bí wọ́n bá gé jẹ̀díjẹ̀dí fún ènìyàn, wọ́n á kí i pé ó kú ewu. Bí wọ́n bá yọ fíbírọ́ìdì, wọ́n á gbé ọbẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbọ́ pé nítorí ìsanra ni, wọ́n á ní kò lè kó ẹnu rẹ̀ ní ìjánu ni, ìyàwó pásítọ̀ sì ni. Ẹnìkan á ti rántí Élì àlùfáà tó wúwo, á sì ti rí ìwàásù kọ́ sórí rẹ̀.

Nítorí náà ni àwa fi dá ọgbọ́n kan. A ní, “Ìyá Dẹ̀mí, ṣebí o ní ọ̀sẹ̀ méjì líìfù ọdọọdún nílẹ̀? Gba líìfù rẹ. Sọ fún wọn pé o ń lọ sí Nàìjíríà. Ṣebí ìrántí ọdún kẹwàá Bàbá yín náà bọ́ sí oṣù yẹn.” Ìrántí náà bọ́ sí oṣù yẹn lóòótọ́. A kàn mọ̀ pé kò ní lọ ni.

Ó wò wá fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Dádì, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ wàásù Ábúráhámù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni?”

Àwa ni lóòótọ́. A ti dúró lórí pẹpẹ, a ti sọ bí Ábúráhámù ṣe dé Gérárì tó ní arábìnrin òun ni Sárà. Bí ẹ bá ka Gẹ́nẹ́sísì orí ogún dáadáa, ẹ ó rí i pé ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n, ọ̀rọ̀ tó sọ kì í ṣe irọ́ pátápátá, ó kàn fi ìdajì rẹ̀ pamọ́ ni. A sì ti pariwo lórí pẹpẹ pé òtítọ́ tí a gé sí méjì láti fi tan ẹlòmíràn, irọ́ ni. Ìjọ ti dáhùn “Àmín.” Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ohun tí a sọ fún ìyàwó wa ni pé, “Ìyẹn yàtọ̀.” Kò bá wa jiyàn. Ó lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun ń lọ sílé.

Ọ̀gá náà, òyìnbó obìnrin kan tó jẹ́jẹ́, bá a yọ̀. Ó kọ ọ̀sẹ̀ méjì náà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń béèrè aṣọ, wọ́n ń béèrè ṣínṣín. Gbogbo ìyẹn, ó ṣì lè gbé e. Ṣùgbọ́n màmá àgbàlagbà kan wà nínú àwọn tó ń tọ́jú, ẹni tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, tí kì í sùn láìgbàdúrà. Nígbà tí ó gbọ́ pé Ìyá Dẹ̀mí ń rin ìrìn-àjò, ó fi orúkọ rẹ̀ sínú àdúrà alẹ́. Lálaalẹ́ ni ó ń bẹ Ọlọ́run kí ọkọ̀ òfurufú náà gúnlẹ̀ ní àlàáfíà. Ìyá Dẹ̀mí ló ń bá a fa aṣọ bò ó, tó ń dúró gbọ́ àdúrà náà títí dé orí “Àmín.”

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó ti ibi iṣẹ́ dé, kò bọ́ kóòtù. Ó jókòó, ó ní, “Dádì, màmá arúgbó yẹn ń gbàdúrà fún ọkọ̀ òfurufú tí n kò ní wọ̀.” Ó bú sẹ́kún. A kò rí nǹkan kan sọ. A lọ sí ilé ìdáná, a gbé omi tíì kaná, a tún padà wá, a kò tíì rí nǹkan kan sọ.

Ní oṣù kẹfà ni wọ́n pè wá sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Nọ́ọ̀sì tó jókòó tì wá béèrè oríṣiríṣi nǹkan, ó dé orí, “Irú iṣẹ́ wo ni ẹ ń ṣe?” Ìyá Dẹ̀mí sọ fún un. Ó gbé kálàmù sílẹ̀. Ó ní ẹni tó ń jókòó nídìí tábìlì lè padà sẹ́nu iṣẹ́ ní bí ọ̀sẹ̀ méjì kan, bí ara rẹ̀ bá gbà á, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé ènìyàn, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni kó fi sọ́kàn, kò sì gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo nínú gbogbo ìgbà náà. Lóòótọ́, ojú abẹ náà kéékèèké ni wọn yóò jẹ́ lójú ara, nítorí ihò kéékèèké ni wọ́n ń gbà wọlé, ṣùgbọ́n inú lọ́hùn-ún, wọ́n ti gé àpòlúkù, wọ́n sì ti fi irin tín-ín-rín dì í. Ẹni tó bá lọ gbé arúgbó ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìfun lè gba ojú ọgbẹ́ yọ. Ó wá béèrè pé, “Kí ni ẹ ti sọ níbi iṣẹ́?”

Àwa méjèèjì wo ilẹ̀.

Ó rò pé ẹ̀rù ń bà wá kí iṣẹ́ má bọ́ ni, ó sì fi sùúrù ṣàlàyé fún wa. A ó sọ ọ́ fún yín bí ó ti sọ fún wa, nítorí ogún ọdún tí a lò ní ìlú yìí, a kò mọ ìdajì rẹ̀. Bí àìsàn kò bá ju ọjọ́ méje lọ, òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún agbanisíṣẹ́. Bí ó bá ju ọjọ́ méje lọ, ó gbọ́dọ̀ mú ìwé wá, kì í sì í ṣe dókítà nìkan ló lè kọ ìwé náà mọ́. Láti ọdún 2022, nọ́ọ̀sì àti oníṣègùn-òyìnbó tó ń po oògùn náà lè kọ ọ́. Ilé ìwòsàn tó bá ṣe iṣẹ́ abẹ lè kọ ọ́ kí ènìyàn tó kúrò ní wọ́ọ̀dù. Owó àìsàn tí òfin là sílẹ̀ wà, agbanisíṣẹ́ ló ń san án, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ 28. Kò pọ̀ tó owó oṣù, kí a má tan ara wa. Agbanisíṣẹ́ kò sì lè fi ipá mú ẹni tí àìsàn tọ́ sí pé kó lo líìfù ọdọọdún rẹ̀. Ẹ ẹ̀ rí i? Ohun tí òfin kò jẹ́ kí ọ̀gá fi tipá gbà lọ́wọ́ rẹ̀, àwa ni a fi tipá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó tún sọ èyí tó yà wá lẹ́nu jù. Ó ní a kò jẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ iṣẹ́ ní gbèsè àlàyé kankan. Ọ̀gá ló yẹ kó mọ̀ pé iṣẹ́ abẹ ni, ìgbà tí yóò jẹ́, bí yóò ti pẹ́ tó, àti ohun tí ọwọ́ kò ní lè ṣe nígbà tí a bá padà. Ìwé náà lè kọ pé iṣẹ́ abẹ inú ni. Bí a bá fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó kù sọ́wọ́ wa. Ó kàn ní ó lè wúlò kí ọ̀gá mọ̀, nítorí pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí ènìyàn ń mu omi ní ìkọ́kọ́rọ́ ní gbogbo ìgbà, ó ń jẹun díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì lè dúró de ìgbà tí iṣẹ́ bá dẹ̀. Ohun tí ọ̀gá bá sì mọ̀ nípa ìlera òṣìṣẹ́, òfin ní kó pa á mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Nàìjíríà, Òfin Iṣẹ́ wà níbẹ̀ náà. Abala 16 rẹ̀ sọ pé òṣìṣẹ́ tí oníṣègùn tó forúkọ sílẹ̀ bá jẹ́rìí sí àìsàn rẹ̀ yóò gba owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ tó tó 12 láàárín ọdún kan. Kò tó fún iṣẹ́ abẹ ńlá, ṣùgbọ́n mélòó nínú yín ló mọ̀ pé ó wà? Ẹ má sì jẹ́ kí a dárúkọ àwọn iléeṣẹ́ nìkan. Àwa ìjọ náà, agbanisíṣẹ́ ni wá. Nígbà tí a ṣì ń ṣe iṣẹ́ Olúwa ní Ìbàdàn, dírẹ́bà ìjọ kan wà lábẹ́ wa tí ìpá ń yọ lẹ́nu. Ó fi pa mọ́ fún ọdún kan gbáko, ó ń wa ọkọ̀, ó ń gbé àga àti ẹ̀rọ amóhùnbúgbàù, títí ó fi ṣubú lọ́jọ́ ìpàgọ́. Nígbà náà a bínú sí i pé kí ló dé tí kò sọ. Ó pẹ́ kí ó tó yé wa pé àwa ni kò lè sọ fún. A ti máa ń wí létí rẹ̀ pé ẹni tó bá ń ṣàìsàn lemọ́lemọ́, kó yẹ ìgbé ayé rẹ̀ wò.

Lálẹ́ ọjọ́ tí a ti ilé ìwòsàn dé, a ṣí ìwé Nehemáyà orí kejì. Kì í ṣe pé a fẹ́ wá ìwàásù. Nígbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, a ka Nehemáyà tó bẹ́ẹ̀ tí a lè to orúkọ ẹnu-bodè Jerúsálẹ́mù tẹ̀ lé ara wọn. A kọ ìdánwò lórí bí ó ṣe ń darí ènìyàn. Kò sí ẹni tó sọ fún wa rí pé òṣìṣẹ́ tó ń tọrọ líìfù ni ó wà níwájú wa. Agbọ́tí ọba ni. Ọba Páṣíà ni ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá rí i pé ojú rẹ̀ fà ro, ó bi í léèrè ohun tó dé. Nehemáyà fúnra rẹ̀ sọ pé ẹ̀rù bà òun gan-an. Ó gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀, ó sì sọ òtítọ́. Kí ni ọba béèrè? Ìgbà tí ìrìn-àjò náà yóò gbà, àti ìgbà tí yóò padà. Nehemáyà dá ìgbà fún un. Ó tún tọrọ ìwé tí yóò mú dání.

A ti ń kà á fún ara wa délẹ̀ kí Ìyá Dẹ̀mí tó fi ìka sí ibì kan. Ó ní, “Ẹ wo ibí.” Nígbà tí Nehemáyà dé Jerúsálẹ́mù, ọjọ́ mẹ́ta ló lò, ó dìde lóru, ó lọ wo odi, kò sì sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn Júù, àti àlùfáà, àti ìjòyè. Ọ̀gá rẹ̀ ti mọ̀. Àwọn tó kù kò mọ̀, ṣùgbọ́n kò parọ́ fún ìkankan nínú wọn. Ìyá Dẹ̀mí ní, “Dádì, a lè dákẹ́ láìparọ́.” Àwa tí a lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, òun ló rí i.

Ọjọ́ kejì, àwa méjèèjì jọ lọ. A kò fẹ́ kó dá lọ, nítorí orí wa ni irọ́ náà ti jáde. A sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé kò sí Nàìjíríà, pé iṣẹ́ abẹ ni, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kì í ṣe méjì, àti pé ọkọ ló dá àbá irọ́ náà. Obìnrin náà dákẹ́. A ti rò pé yóò sọ pé kò burú, bí wọ́n ti máa ń sọ. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣí ìwé tó fi ń pín iṣẹ́, ó fi ìka sí orúkọ kan. Ó ní òṣìṣẹ́ kan ti tọrọ ọ̀sẹ̀ méjì yẹn gan-an, nítorí ọmọ rẹ̀ ń gboyè ní yunifásítì, òun sì ti kọ̀ fún un, nítorí pé Ìyá Dẹ̀mí ti kọ́kọ́ gbà á.

Kò sí ohun tó dùn wá tó ìyẹn nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. A ti rò pé irọ́ wa kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ọ̀gá náà ní bí wọ́n bá ti sọ fún òun láti oṣù karùn-ún, òun ìbá ti wá àwọn òṣìṣẹ́ àyálò sílẹ̀. Ó béèrè pé ṣé ohun kan wà tí òun ṣe tó fi jẹ́ pé a kò lè sọ fún òun. A ní kò sí. Ó ní òun yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé a wá fúnra wa. Lẹ́yìn náà ni ó wá béèrè bí ara Ìyá Dẹ̀mí ti rí, àti bóyá iṣẹ́ abẹ náà léwu. Ìyá Dẹ̀mí sọ irú èyí tí ó jẹ́ fún un. Obìnrin náà kò yà á sí nǹkan kan. Ó kàn béèrè bóyá yóò nílò àga láti jókòó nígbà tó bá padà.

Arábìnrin tó fẹ́ lọ síbi ìgboyè ọmọ rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n rí fún un nígbẹ̀yìn. Ìyá Dẹ̀mí lọ bá a, ó sì tọrọ àforíjì láìsọ irú àìsàn. Ó dáhùn, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ní ti màmá àgbàlagbà, Ìyá Dẹ̀mí kúnlẹ̀ níbi ibùsùn rẹ̀, ó ní òun kò lọ sí Nàìjíríà mọ́, ilé ìwòsàn ni òun ń lọ. Màmá ní kò burú, òun yóò yí àdúrà náà padà.

Iṣẹ́ abẹ náà lọ ní ìrọ̀rùn. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ti fi oúnjẹ tí kò ní ọ̀rá àti ìyẹ̀fun púpọ̀ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ̀dọ̀ lè súnkì, nítorí ẹ̀dọ̀ ló bo àpòlúkù mọ́lẹ̀. Ó sun oorun méjì ní ilé ìwòsàn. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tí yóò máa gún ara rẹ̀ ní ikùn nílé. Àwa ni a kọ́kọ́ fẹ́ gún un, ọwọ́ wa ń gbọ̀n, ó gbà á. Oúnjẹ olómi nìkan ló ń mu ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà èyí tí a lọ̀ kúnná, lẹ́yìn náà èyí tó rọ̀. Ní ọjọ́ Oúnjẹ Olúwa tó bọ́ sí àárín rẹ̀, àkàrà náà kò ṣeé gbé mì fún un. Ife nìkan ló fi kan ẹnu.

Ìjọ ńkọ́? A sọ fún àwọn alàgbà pé Mọ́mì ṣe iṣẹ́ abẹ, ó ń sàn, kí wọ́n máa gbàdúrà. Nígbà tí wọ́n béèrè irú èyí, a ní, “Ọ̀rọ̀ ilé ni.” Ọ̀rọ̀ yẹn kò tẹ́ àwọn kan lọ́rùn. A gbọ́ pé fíbírọ́ìdì ni, a gbọ́ pé òrónro ni. A kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn, a kò sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a tún sọ èyí, kí a má fi ṣe èébú: ẹni tó bá bẹ aláìsàn wò, kó má lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Àwọn kan wá pẹ̀lú kúlà ìrẹsì, wọ́n jókòó fún wákàtí mẹ́ta, wọ́n jẹ ìrẹsì náà fúnra wọn.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìwé tó mú lọ sọ pé iṣẹ́ fúyẹ́ ni, àti ìdajì ọjọ́, kò sì gbọdọ̀ gbé ènìyàn. Wọ́n fi í sídìí ìwé àkọsílẹ̀, ó ń fi ṣíbí bọ́ àwọn tí kò lè dá jẹun, ìgò omi rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà irun orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já. Wọ́n ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó sunkún sí i. Títí ayé ni yóò máa lo fítámì, tí wọ́n ó sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Lẹ́yìn ọdún kan, kílò 31 ti lọ, oògùn àtọ̀gbẹ méjì ti di ẹyọ kan, ó sì ń gun àtẹ̀gùn ilé wa láìdúró. Ààwẹ̀ agbẹ-omi ti kúrò lọ́rọ̀ rẹ̀; nígbà tí ìjọ ń gba ọjọ́ mọ́kànlélógún ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ó wà láàárín wa pẹ̀lú ìgò omi lọ́wọ́. Ìyá àgbà kan wò ó títí, ó tẹ̀ síwájú, ó rọra béèrè pé, “Mọ́mì, ẹ ti gbẹ o, ṣé kò sí?” Ó ní, “Kò sí, Mà. Ara mi ń le sí i ni.”

Ṣáájú ààwẹ̀ yẹn, nígbà Kérésìmesì ọdún 2023, wọ́n pín iṣẹ́ ọjọ́ náà fún arábìnrin tó pàdánù líìfù rẹ̀. Ìyá Dẹ̀mí lọ bá ọ̀gá, ó ní kí wọ́n fi orúkọ òun dípò rẹ̀. Àwọn ọmọ wa kò fẹ́, wọ́n ní ṣebí ó ti tọrọ àforíjì. Ó jáde ní aago méje òwúrọ̀. A gbé oúnjẹ wa dúró dè é títí di aago mẹ́jọ alẹ́. Nígbà tí ó dé, arábìnrin náà ti fi nǹkan kan rán an sí wa, fọ́tò ọmọ rẹ̀ nínú ẹ̀wù ìgboyè. Ó gbé e sórí tábìlì, ó jókòó, ó jẹ ìrẹsì ṣíbí mẹ́rin, ó ní òun ti yó.